Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi Ta Ẹrù Ilé Ìyá Mi ní Òkè-Àdó

Onílé ní òun fẹ́ gba ilé òun. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ló dá fún wa. Ìyá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí orúnkún wọn ò ti jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹrù wọn nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ní Òkè-Àdó. Èmi ni mo wà n'Ìbàdàn, èmi náà ni wọ́n ní kí n palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Tíṣà ni mí, nítorí náà Sátidé, Sọ́ńdè àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo ní.

Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé wọn kì í sọ nǹkan nù. Àpò ìrẹsì tó bá ṣófo, wọ́n á ká a pa mọ́. Ike bọ́tà, wọ́n á fọ̀ ọ́. Fáànù tí kò yí mọ́, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ó wà ńbẹ̀, ó lè wúlò fún ẹnìkan. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo dúró láàárín pálọ̀ yẹn, tí mo ń wo ẹrù tó lé ní ogójì ọdún, ni mo tó rántí ibi tó ti wá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ni odò Ògùnpa kún, tó ya wọ ìgboro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà n'Ìbàdàn ti gbọ́ nípa omíyalé yẹn. Èèyàn púpọ̀ ló bá a lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, ìtòsí odò náà la sì ń gbé. Omi kó gbogbo ohun tí bàbá àti ìyá mi ní: bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, àpótí ìwé. Àní odó tí wọ́n fi ń gúnyán léfòó, ó bá omi lọ. Nígbà tí omi fà, ọlọ nìkan ni wọ́n bá níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó wà ní Òkè-Àdó, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, látinú owó oṣù àti owó àjọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó kó nǹkan dànù?

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ kí n kó wá fún yín, kí ni kí n tà?"

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Wọ́n ní, "Ta èyí tó bá ṣeé tà. Èyí tó bá ṣeé fún èèyàn, fún wọn. Ọlọ mi ńkọ́?"

Mo ní ó wà nílé ìdáná.

"Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o."

Mo ya fọ́tò ohun gbogbo, mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp mi, mo tún gbé e sórí Facebook. Mi ò kọ iye sí i. Mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ á béèrè. Wọ́n béèrè lóòótọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lé ní ogójì èèyàn. "Ṣé ó ṣì wà?" Mo á ní ó wà, wọn ò ní fọhùn mọ́. "Èló ni jálẹ̀?" Ẹni tí kò tíì mọ iye tí mo pè é ń béèrè jálẹ̀. Arábìnrin kan ní kí n wọn fífẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, mo wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n wọn gíga rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwa méjèèjì fà á kúrò lára ògiri, mo yà á. Ó ní, "Ẹ ṣé àǹtí, mo kàn ń wò ó ni."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un gbé síta. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo kọ iye tí mò ń tà á, àbùkù tó wà lára rẹ̀, àdúgbò wa, ọjọ́ àti àkókò tí mo máa wà nílé. Mo kọ ọ́ gbangba pé rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fíríìsà ti ya níbì kan, pé ẹsẹ̀ àga kan ti fì. Àwọn tó ń béèrè dín kù sí mẹ́jọ, mẹ́fà nínú wọn sì dé ilé. Ẹni tó bá ti mọ àbùkù kó tó kúrò nílé rẹ̀ kò ní rí nǹkan púpọ̀ fi já owó rẹ̀ tó bá dé.

Iye tí n óò pè náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Iye tí ìyá mi fi rà á ló wà lọ́kàn mi, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe jìyà kí wọ́n tó rà á. Ẹni tó fẹ́ rà á ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jìyà. Mo wọ Micra lọ sí agbègbè Queen Cinema, mo béèrè iye fíríìsà àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Iye tí wọ́n pè fún mi, mo yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, torí pé àwọn ní ṣọ́ọ̀bù téèyàn lè padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Èmi ò ní sí ní Òkè-Àdó mọ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Òun ló gba gbogbo ara ògiri kan, tẹlifíṣọ̀n láàárín, àwo tánganran lápá ọ̀tún, ìwé bàbá mi lápá òsì. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń ní ó ti di ti ayé àtijọ́. Ẹnìkan fi ₦15,000 lọ̀ mí, mo sì ti fẹ́ gbà á. Àfi bí káfíńtà kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó Bódìjà ṣe wá wo bẹ́ẹ̀dì. Ó kọjá lára kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó dúró, ó padà. Kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Ó kúnlẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá jáde, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha abẹ́ rẹ̀ níbi tí wọn ò kun fániìṣì sí. Ó ti ìka bọ omi, ó fi pa ojú ibi tó ha. Àwọ̀ igi náà yọ, ó pọ́n bí oyin. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ìrókò ni, mummy. Gbogbo ara ẹ̀ kọ́ o. Ẹ̀yìn ẹ̀, pílàíwúùdù ni. Ṣùgbọ́n férémù, ilẹ̀kùn àti àwọn dúrọ́ọ̀ yìí, ìrókò tó ti gbẹ dáadáa ni. Irú eléyìí ò sí lọ́jà mọ́ báyìí, tútù ni wọ́n ń tà fún wa."

Kò tíì ná an nígbà tó sọ ọ́. Ó lè dákẹ́, kó fi ₦20,000 gbé e lọ, n óò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. ₦60,000 ló san. Ó ní ilẹ̀kùn lòun máa fi ṣe. Mo ní kó mú àwo tánganran méjì dání fún ìyàwó rẹ̀.

Gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan àti èmi ná àga pálọ̀ lórí fóònù, a fẹnu kò sí ₦70,000. Ó dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú kòrópe àti alábàárù méjì. Àwọn alábàárù ti gbé àga kan dé ẹnu ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra aṣọ rẹ̀. Ó ti ṣá. Fóòmù rẹ̀ ti rọ̀. ₦40,000 lòun mú wá. Gbogbo ohun tó ń kà yẹn ni mo ti kọ sábẹ́ fọ́tò. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ó mọ̀ pé ọjọ́ tí onílé dá ti ń sún mọ́, èmi náà ni mo fẹnu ara mi sọ fún un. Mo sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n gbé àga padà sí àyè rẹ̀. Mo jókòó lé e. Ó ní kí n gba ₦50,000. Mo ní rárá. Ó lọ.

Ìdúnàádúrà ò burú, òun ló ń mú ọjà dùn. Inú mi máa ń dùn sí ẹni tó bá mọ ọjà ná. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti jọ ná tán, tí a ti fẹnu kò sí, kéèyàn wá dé ẹnu ọ̀nà kó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó rò pé apá ẹlòmíì ò ká a mọ́, ìrẹ́jẹ ni mo ka ìyẹn sí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé ní Fẹ́lẹ́lẹ́ san ₦60,000 fún àga náà. Mi ò kábàámọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó fi dín. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún olùrà kankan mọ́ pé onílé ń lé wa.

Sítóòfù gáàsì ló dùn mí. ₦38,000 ni mo tà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá rà á mọ èèyàn kí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní báwo ni iṣẹ́, ó bá mi gbé korobá omi wọlé. Ó gba nọ́ńbà àkáǹtì mi. Fóònù mi dún, mo wò ó, mo rí orúkọ báńkì mi, mo rí ₦38,000. Kò síná, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo fi fóònù sápò. Èmi ni mo bá a di bọ́ọ̀tù mọ́tò rẹ̀ mú tó fi de okùn mọ́ ọn. Ó tún fẹ́ mú sílíńdà, mi ò tà á fún un torí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, mi ò sì fẹ́ kí gáàsì jó ilé ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì ni mo fẹ́ sanwó ata ní ọjà Bódìjà, owó inú àkáǹtì mi ò tó. Mo lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù gan-an. Ó ní kí n ṣí àwọn àlẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn tò tẹ̀ lé ara wọn lójú kan. Ti àná dá wà lọ́tọ̀. Ó fi èékánná tọ́ka sí orúkọ tó wà lókè rẹ̀, lẹ́tà kan ti yàtọ̀ sí ti báńkì. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń kọ iye tó kù nínú àkáǹtì mi sí, kò sí nǹkan kan.

Ó ní, "Mà, àlẹ́ẹ̀tì kọ́ lowó. Èyí tó bá wà nínú àkáǹtì yín lowó."

Ọ̀pọ̀ ló sọ fún mi pé kí n máa gba owó ọwọ́ nìkan. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí náírà wọ́n, tí àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ATM nítorí owó tí wọ́n pààrọ̀, aláta pàápàá ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí. Ta ni yóò ru ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún káàkiri ìgboro? Torí náà, ètò ni mo ṣe. Ohun tí mo bá fẹ́ tà, a óò ti gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olùrà tó dé, kò sẹ́ni tí mi ò mọ̀ rí tó ń wọ yàrá mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á wà pẹ̀lú mi. Ojú ọ̀sán là ń tajà. Nǹkan kan ò sì ní kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí n óò fi ṣí áàpù báńkì fúnra mi, kí n rí i pé iye tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Bàbá kan tó wá ra jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ dán ètò yìí wò. Wọ́n ti fi epo ná an dáadáa: wọ́n ní líta bẹntiróòlù ti kọjá ₦850, ta ló tún ń ra jẹnẹrétọ̀? Òótọ́ ni wọ́n sọ, epo ti gun òkè lóṣù yẹn, mo dín ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún wọn. Wọ́n fowó ránṣẹ́. Fóònù wọn ní ó ti lọ, àkáǹtì mi ní kò tíì dé. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

"Ṣé mo jọ olè ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ ò jọ ọ́. Ẹni tó gbé sítóòfù mi lọ náà ò jọ ọ́."

Mo gbé àga fún wọn, mo bu omi. Mo sọ ọ̀rọ̀ sítóòfù náà fún wọn látìbẹ̀rẹ̀. Kó tó parí, wọ́n ti ń mi orí. Owó wọlé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti wá gbọ́ pé àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: wọ́n ní àwọn ò lè gbé jẹnẹrétọ̀ tí kò ní rìsíìtì gba iwájú ọlọ́pàá kọjá, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹrù olè ni. Mo wọ yàrá ìyá mi lọ. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, agolo bisikíìtì kan wà níbẹ̀ tí mo ti gbé sápá kan pé n óò dà á nù. Mo ṣí i. Rìsíìtì gbogbo ohun tí ìyá mi rà láyé wọn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi okùn rọ́bà dì wọ́n lọ́dọọdún. Rọ́bà tó di ti 2009 ti gbẹ, ó já lọ́wọ́ mi. Rìsíìtì jẹnẹrétọ̀ wà láàárín wọn, bébà rẹ̀ ti pọ́n, orúkọ ìyá mi ṣì hàn ketekete. Ti fíríìsà náà wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún díẹ̀, kí n tó jáde lọ fún bàbá náà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ti lówó lórí ni mo ń kọ ìwé lé: ọjọ́, ohun tí mo tà, iye, pé olùrà ti tàn án wò, ó sì gbà á bó ṣe rí. Àwa méjèèjì á buwọ́ lù ú. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ ẹni tó dá fáànù padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Fíríìsà ló kù. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní ìkòríta wa wá bá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ta omi tútù àti sóbò mọ́ ẹ̀wà. ₦90,000 ni mò ń tà á, ₦30,000 ni wọ́n ní. Gbogbo èèyàn ló ní kí n má tà á láwìn. Mo rò ó lóru mọ́jú. Ìyá yìí ti ń jókòó sójú kan náà fún ọdún méjìlá. Ìyá mi ti jẹ ẹ̀wà wọn, àwọn náà ti bá ìyá mi gbé ẹrù wọlé. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí mi, tó gbé sítóòfù lọ, mi ò mọ ojúlé rẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà mí? Mo gbé e fún wọn. Wọ́n ń fi ₦5,000 ránṣẹ́ ní Sátidé, nígbà míì ₦10,000. Ọ̀sẹ̀ kan tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n tajà, àwọn ni wọ́n pè mí ní Jímọ̀, kí n má baà máa wojú ọ̀nà. Oṣù kọkànlá ò tíì parí tí wọ́n fi san án tán.

Aṣọ ìyá mi, mi ò tà á. Àwọn aṣọ òkè lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn tó kù ni mo pín fún àwọn obìnrin ìjọ wọn. Mátírẹ́ẹ̀sì tó ti jẹrà, mo sanwó fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ikùn lẹ́yìn ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rà á. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù ní òun á fún mi ní ₦1,500. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun á fọ́ ọ, òun á yọ bàbà inú rẹ̀. Ìgò rẹ̀ ńkọ́? Ó na ọwọ́ sí gọ́tà. Òjé wà nínú ìgò ẹ̀yìn irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, májèlé ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdọ̀tí tí àwọn èèyàn ń dà sójú odò wà lára ohun tó dí Ògùnpa lọ́nà ní 1980 tó fi ya wọlé onílé. Ilé tiwa wà nínú rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ ara mi kó ẹrù ìyá mi sí gọ́tà. Mo gbé e lọ fún bàbá kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Mọ́lété, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ṣì ní oníbàárà tó ń lo irú rẹ̀, àwọn á máa yọ páàtì rẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni mo gbá ilé náà, mo tì í, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé. Mo fi àpò ìrẹsì kan lára èyí tí ìyá mi ká pa mọ́ wé ọlọ náà. Dírẹ́bà ọkọ̀ Abẹ́òkúta gbé e wò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní òkúta kí nìyí, òun ò ní gbé e sí bọ́ọ̀tù kó má fọ́ ẹrù àwọn ẹlòmíì. Mo ní kó jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo san owó èèyàn méjì. Títí a fi kọjá Omi-Àdìó, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo gbé owó síwájú ìyá mi pẹ̀lú bébà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sí. Wọn ò tíì wò ó. Wọ́n tú àpò ìrẹsì náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú ọlọ náà níbi tó ti jẹ.

"Ọmọ ọlọ ńkọ́?"

Mo yọ ọ́ látinú báàgì mi. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lé orí rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ra ata wá.